Bí a ṣe ń mọ ère amọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Íńdíà: bhishti, ọkùnrin alápò omi

Iṣẹ́ tí ẹni tí a fẹ́ mọ ń ṣe gbọ́dọ̀ ti hàn nínú ìdúró rẹ̀ kí a tó gbé irinṣẹ́ kankan lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo àpò omi lára ère bhishti, tí ara tó kù kò sì sọ fún yín pé ẹrù wà níbẹ̀, ère náà kò tíì di bhishti. Ọ̀dà kò lè tún un ṣe, aṣọ kò lè bò ó. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí egungun wáyà inú rẹ̀ àti ìdúró ju lórí ọ̀dà kíkùn lọ.

Ghurni, àdúgbò kan ní ìlú Krishnanagar, lágbègbè Nadia ní Bẹ́ńgàlì, ni àwọn ère wọ̀nyí ti lókìkí jù. Àwọn amọ̀kòkò tó ń jẹ́ Pal ló ń mọ wọ́n, odò Jalangi sì wà nítòsí wọn fún amọ̀. Maharaja Krishnachandra tó jọba níbẹ̀ ní ọ̀rúndún 18 ti iṣẹ́ wọn lẹ́yìn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì di aláṣẹ, àwọn òyìnbó di oníbàárà ńlá: wọ́n fẹ́ ère kékeré tó máa fi alágbàfọ̀, aránṣọ, onígbàjámọ̀, ahunṣọ àti ọmọ-ọ̀dọ̀ hàn, èyí tí wọ́n lè dì sínú àpótí kó lọ sílé. Ère Krishnanagar dé Ìpàtẹ Ńlá London ní 1851, àwọn ìpàtẹ míì sì tẹ̀ lé e. Jadunath Pal ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù láàárín wọn ní ìparí ọ̀rúndún 19. Àwọn ìlú Lucknow àti Poona náà ń mọ tiwọn. Ti Lucknow sábà máa ń jẹ́ amọ̀ tí a fi iná sun, tí aṣọ ara rẹ̀ pàápàá jẹ́ amọ̀. Ti Krishnanagar ni wọ́n máa ń wọ aṣọ gidi fún, tí wọ́n ń fi koríko, igi àti irun kún, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì kan iná rárá. Ọ̀nà Krishnanagar ni a ó tẹ̀ lé níbí. Ẹni tó bá mọ ère igi Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń gbẹ́ àwọn aláṣẹ òyìnbó àti àwọn èèyàn ìgbà wọn, á rí i pé oníbàárà kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ yàtọ̀: ti Bẹ́ńgàlì fẹ́ kí ìṣẹ́po awọ orúnkún pàápàá hàn.

Bhishti ni ẹni tó ń gbé omi kiri nínú awọ odidi ewúrẹ́. Láyé àtijọ́, ó máa ń rọ omi kún ìkòkò ilé, ó máa ń fún ọmọ-ogun lómi mu lójú ogun, ó sì máa ń wọ́n omi sí títì kí eruku má bàa gbé. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. Èdè Páṣíà ni orúkọ náà ti wá, ará àlùjánnà ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi ní ilẹ̀ gbígbóná yẹn, orúkọ wo ló tún kù tí a máa fi pè é? Awọ tó kún lè gba omi tó tó 30 lítà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan amọ̀, ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ gbé okùn náà kọ́ èjìká òsì kí kẹ́ẹ̀gì wà ní ìbàdí ọ̀tún, kí ẹ sì rìn níwájú dígí. Ẹ wo èjìká yín. Ẹ wo ibi tí orúnkún ń lọ. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ẹ máa mọ.

Amọ̀

Àwọn amọ̀kòkò Bẹ́ńgàlì ń lo amọ̀ méjì: entel, tó dúdú tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àti bele, tó ní iyanrìn kíkúnná nínú. Entel nìkan á sán bó ṣe ń gbẹ; bele nìkan kò ní dì mú. Fún ère kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, entel gbígbẹ gíráàmù 600 àti bele gíráàmù 300 tí a pò pọ̀ tó, á sì ṣẹ́kù fún àtúnṣe. Amọ̀ èyíkéyìí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń lò ládùúgbò yín á ṣe iṣẹ́ entel, bí ẹ bá ti sẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí amọ̀ gbẹ pátápátá kí ẹ tó rẹ ẹ́. Amọ̀ tó ṣì tutù díẹ̀, bí a bá sọ ọ́ sínú omi, òde rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ̀, àárín á le gbagidi. Èyí tó gbẹ, tí a fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, á tú fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ rò ó, ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ sínú ike mìíràn, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ da èyí tó kù sórí aṣọ níbòójì títí á fi ṣeé pò. Lẹ́yìn náà ẹ gún un, ẹ ká a, ẹ tún un gún, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ nínú nígbà tí ẹ bá fi okùn gé e sí méjì.

Ẹ yí amọ̀ náà gbọọrọ bíi pẹ́ńsù, ẹ ká a mọ́ ìka. Bó bá fà ya, iyanrìn ti pọ̀ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, omi ló pọ̀. Ìdánwò kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ tẹ́ amọ̀ bíi rúlà, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 gééré sórí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ìlà náà bá ṣì tó 9.2, amọ̀ dára. Bó bá sún kì sí 8.8 tàbí kó kù sí i, ẹ fi iyanrìn kíkúnná kún un. Wáyà tó wà nínú ère kò ní sún kì, amọ̀ tó yí i ká ló máa sún, ibẹ̀ gan-an ni ère ti ń là.

Ẹ pín amọ̀ sí méjì. Ẹ gé fọ́nrán àpò kòkó wẹ́wẹ́, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ po ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ ìdajì kìíní. Èyí ni amọ̀ inú. Ìdajì kejì, ẹ tún fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Òun ni amọ̀ ara, tó máa gba ojú, ìka àti iṣan.

Egungun

Wáyà tí àwọn tó ń di irin ilé ń lò dára. Ẹ lọ́ méjì pọ̀ kó lè le. Ẹ gé 60 sẹ̀ǹtímítà fún ẹsẹ̀ àti ara, ẹ ṣẹ́ ẹ po láàárín: ibi tí ẹ ṣẹ́ po ni orí, ẹ lọ́ ọ wá sí ìbàdí, kí méjèèjì tó kù di ẹsẹ̀. Ẹ gé 28 fún apá, ẹ dì í mọ́ ibi èjìká. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3, èyí tí ẹ máa kì bọ inú ihò pákó ìdúró (sẹ̀ǹtímítà 9 ní ìbú àti ní òró) kí ẹ sì ká a mọ́ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sára igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère nígbà gbogbo. Láti ilẹ̀, orúnkún wà ní 5.5, oríkèé ìbàdí ní 10, ìgúnpá ní 12.5, èjìká ní 16.3, àtàrí ní 20. Orí látòkè dé àgbọ̀n jẹ́ 2.7. Ìka ọwọ́ tó wálẹ̀ á dé àárín itan. Orí ńlá ni àṣìṣe àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀: ojú wù wọ́n í mọ, wọ́n á fún un láyè, ère á wá dà bí ọmọdé tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀.

Wáyà irin máa ń dípẹtà nínú amọ̀ tútù, ìpẹtà náà á sì yọ pupa lójú ọ̀dà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Nítorí náà ẹ kun wáyà ní ọ̀dà olóòróró, kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wé òwú àpò kòkó mọ́ ọn látòkè délẹ̀, kí ẹ fi amọ̀ ṣíṣàn pa á. Òwú yìí ni amọ̀ máa dì mú. Bí amọ̀ bá dì mọ́ wáyà níhòòhò, á máa yí po bí òrùka lára ìka.

Ìdúró ló kàn, ẹ má kánjú níbẹ̀. Àpò wà ní ìbàdí ọ̀tún, okùn rẹ̀ gba àyà lọ sí èjìká òsì. Ẹ tẹ ara sí òsì, kó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Èjìká òsì rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ẹsẹ̀ òsì ló gbé ara, orúnkún rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà níwájú lẹ́nu àpò, ó fún ọrùn awọ náà pa. Ẹ wá ta òwú tí ẹ so òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ láti kòtò ọrùn wálẹ̀. Ọkùnrin tó dúró lófìfo lórí ẹsẹ̀ òsì, òwú náà á bọ́ sórí ẹsẹ̀ yẹn gan-an. Ti alápò gbọ́dọ̀ bọ́ sí òde ẹsẹ̀ òsì, ó tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, torí àpò ń fà á sí ọ̀tún. Bí òwú bá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, afẹ́fẹ́ ló wà nínú àpò yín. Ẹ ṣàtúnṣe nísinsìnyí tó jẹ́ pé wáyà nìkan ni.

Ẹran ara

Amọ̀ inú ni ẹ kọ́kọ́ fi bò ó, kó nípọn bíi mìlímítà 3. Ẹ fi sílẹ̀ níbòójì di ọjọ́ kejì, títí á fi le bí awọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á lára, ẹ fi omi amọ̀ pa á, ẹ tún bò ó. Ìgbà mẹ́ta báyìí ló dára ju kí ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rọ́ ọ sí i, torí amọ̀ tó nípọn máa ń gbẹ lóde kí inú tó gbẹ, òde á fún inú, á sì là. Bó bá là níbi ìgúnpá tàbí orúnkún, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń là, ẹ má fi omi pa á kó dí. Á tún là. Ẹ gé aṣọ òwú gbígbó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rì í sínú omi amọ̀, ẹ wé e mọ́ ibi tó là, kí ẹ wá fi amọ̀ ara tẹ́ ẹ lójú. Àwọn tó ń mọ òrìṣà ńláńlá ní Kumartuli, Kolkata, ń fi aṣọ di ojú oríkèé bẹ́ẹ̀.

Amọ̀ ara ló kẹ́yìn, fẹ́lẹ́, mìlímítà kan sí méjì. Igi ọparun tí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bíi ṣíbí ni irinṣẹ́ tó dára jù. Ọ̀kan tó ṣe ṣóńṣó, ọ̀kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bhishti kì í sanra: ẹ jẹ́ kí egungun àyà hàn, kí ọ̀pá ẹsẹ̀ mú, kí iṣan ọrùn apá ọ̀tún yọ nítorí ẹrù. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn máa ń fẹjú níwájú, ọmọ ìka á sì yà síra.

Ẹ mọ orí lọ́tọ̀ lórí igi kékeré kí ẹ lè máa yí i. Ojú wà ní ìdajì gíga orí gan-an, etí bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú òkè, ó parí nísàlẹ̀ imú. Ẹni tó fẹ́ mọ ogún ère lè fi pí-ó-pí ṣe mọ́ọ̀dù ojú. Àwọn ilé iṣẹ́ Ghurni ń lo mọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n fún ère kan, ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹnì kan lọ́kàn tí ẹ ń wò. Àwọn onípàtẹ ìgbà yẹn fẹ́ kí ojú kan dúró fún gbogbo bhishti, bí ẹni ń to kòkòrò sínú àpótí. Ohun tó mú iṣẹ́ Krishnanagar wà láàyè di òní ni pé amọ̀kòkò kò fara mọ́ ọn. Aládùúgbò ni ẹ ń rí nínú ojú wọn.

Ìka ọwọ́ fẹ́ wáyà bàbà tín-ín-rín, ìdajì mìlímítà. Ọwọ́ gùn tó àgbọ̀n dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí kò bá pọn dandan: ọwọ́ tó di nǹkan mú máa ń kó ìka jọ, kì í sì í tètè ṣẹ́.

Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ère, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ sí i tààrà, ọjọ́ 7 sí 10. Ní Bẹ́ńgàlì, ìgbà òjò, láti June dé September, ni kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọyẹ́ ni ọ̀tá: á gbẹ láàárín ọjọ́ kan, á sì sán gàdàgàdà. Ẹ fi ọ̀rá bò ó nígbà ọyẹ́, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Amọ̀ tó gbẹ tán kì í tutù mọ́ bí ẹ bá fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ sun tiyín, ẹ má fi wáyà sí i, ẹ má fi aṣọ sí i, kí ẹ sì gbẹ́ inú ibikíbi tó bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ fi iná pẹ̀lẹ́ yá a fún wákàtí mẹ́ta kí iná gidi tó dé. Omi tó kù nínú amọ̀ ló ń di oru, oru náà ló ń fọ́ ère.

Àpò awọ

Ẹ mọ ọn bí odidi ewúrẹ́ tí kò lórí, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú nítorí omi wálẹ̀ síbẹ̀, òkè rẹ̀ rọ̀. Ọrùn ewúrẹ́ ni ẹnu àpò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n dí ni a so okùn mọ́. Amọ̀ ni ẹ fi ṣe inú rẹ̀, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi amọ̀ wé e, kí ẹ ran ìlà abẹ́ ikùn rẹ̀ pẹ̀lú òwú nípọn. Okùn èjìká, awọ gidi ni, ìbú rẹ̀ mìlímítà 4, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ẹran èjìká díẹ̀. Ẹ tẹ ojú ibẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì rọ̀. Okùn tó kàn gorí èjìká láìwọnú kò gbé nǹkan kan.

Ọ̀dà

Kóró àjàgbọn ni àtè tí wọ́n ń lò. Ẹ yan kóró náà, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́. Gíráàmù 10 nínú omi ìdá márùn-ún lítà kan tó fún ère kan. Ẹ sè é, kí ẹ máa rò ó, títí á fi dà bí ẹ̀kọ mímu, ẹ sẹ́ ẹ. Ó máa ń kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má pọ̀ ọ́n jù.

Ẹ lọ ẹfun kúnná, ẹ po ó mọ́ àtè yìí títí á fi dà bíi wàrà tó ki. Kíkùn méjì tàbí mẹ́ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìkan gbẹ kí ìkejì tó gorí rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gba ibì kan lẹ́ẹ̀kan péré, torí amọ̀ tí kò kan iná á yọ̀ bí ẹ bá ń fi omi gún un lójú kan. Bó bá gbẹ, ẹ fi ìka nù ún: bí funfun bá yọ sí ìka, àtè kò tó. Bí ó bá ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, àtè ti pọ̀ jù, ó fà nígbà tó ń gbẹ. Ẹ ha á kúrò, ẹ tún un ṣe. Àwọ̀ tí ẹ bá kùn sórí ìpìlẹ̀ burúkú á bá a ṣí.

Àwọ̀ ara kì í ṣe ọ̀kan. Erùpẹ̀ pupa, erùpẹ̀ ìyeyè, dúdú èédú díẹ̀ àti ẹfun, pẹ̀lú àtè kan náà. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ju ara lọ. Orúnkún, ìgúnpá àti ẹ̀yìn ọrùn dúdú jù ú lọ. Ojú ère, ìyẹn ẹyin ojú, ló kẹ́yìn. Fáníìṣì díẹ̀ lórí ẹyin ojú, díẹ̀ lórí àpò kó lè dà bí awọ tó tutù, kò gbọ́dọ̀ kan ara: ara tó ń dán máa ń dà bíi ike.

Aṣọ

Ère yìí kéré sí èèyàn ní ìgbà mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ìlà mìlímítà kan lára aṣọ rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan lára èèyàn. Nítorí náà aṣọ òwú funfun tó ti gbó, tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́, ni kí ẹ wá. Aṣọ tuntun á dúró bíi pákó. Láwàní fẹ́ ìbú sẹ̀ǹtímítà 2.5, gígùn sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ rì aṣọ sínú sítáàṣì tó ṣàn, ẹ wé e, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìṣẹ́po rẹ̀ sílẹ̀, kó gbẹ níbẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ etí aṣọ rán, á nípọn. Ẹ fi àtè pa etí rẹ̀ kó má tú. Apá ọ̀tún ìró ìdí, níbi tí àpò ń jò sí, ẹ kùn ún dúdú díẹ̀ kó lè hàn pé ó tutù.

Oníṣẹ́ míì, ìlànà kan náà ni, àmọ́ ibi tí ẹrù wà ló yí padà. Alágbàfọ̀, ẹ̀yìn ló gbé e, torí ó ń na aṣọ mọ́ òkúta. Aránṣọ jókòó, ó ká ẹsẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di aṣọ mú. Ẹni tó ń fa abẹ̀bẹ̀ òrùlé, okùn lè wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, oorun sì ti fẹ́ẹ̀ gbé e lọ. Asáré lẹ́tà, orí ìka ẹsẹ̀ ló wà, agogo wẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀kọ̀ rẹ̀ ń fì sẹ́yìn.

Pákó ìdúró ère ni kí ẹ máa fi gbé e, kì í ṣe apá. Ẹ gbé e sínú àpótí onígíláàsì: kòkòrò fẹ́ràn àtè àjàgbọn àti sítáàṣì, ọ̀rinrin sì ń mú kí ẹfun wú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ni a fi ń gbọn eruku rẹ̀, láé, kì í ṣe aṣọ tútù. Bó bá jẹ́ ère àtijọ́ ló bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má tún un kùn.

Kí ẹ tó gbé e kúrò lórí tábìlì, ẹ dojú pákó rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀pọ̀ ère tó wà ní mùsíọ́mù òkè òkun ló ní orúkọ iṣẹ́ lábẹ́, «aránṣọ», «alápò omi», láìsí orúkọ ẹni tó mọ ọ́n. Ẹ fi ìnkì kọ orúkọ yín síbẹ̀, pẹ̀lú ọdún, ibi tí ẹ ti wa amọ̀, àti irú àtè tí ẹ lò, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú mọ ohun tí omi máa ṣe sí i.